Atẹ́gùn Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Ṣí Gèlè Ìyá Ìyàwó

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ olùkàwé kan ní Swindon: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù tó kọjá la ṣe ìgbéyàwó àbúrò ọkọ mi nínú ilé olókùúta àtijọ́ kan ní ẹkùn Cotswolds. Wọ́n ní oko ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé náà ga bíi ṣọ́ọ̀ṣì, kò ní fèrèsé gidi, ihò tóóró tóóró ló wà lára ògiri. Ilẹ̀kùn gìrìwò méjì kọjú síra ní àárín ilé, atẹ́gùn tó ń gba ibẹ̀ kọjá gbé bébà ìnuwọ́ kúrò lórí tábìlì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí gèlè lórí ìyá ìyàwó. Ọkọ mi ní ilé ogun ni, pé inú ihò wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ń ta ọfà. Èmi ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ẹni tó ni ibẹ̀ ní ilé ìdámẹ́wàá ni. Wọ́n ní ilé kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí, jẹ́ ilé ẹṣin; òun ní fèrèsé, àjà rẹ̀ sì wálẹ̀. Ta ló jàre nínú wa? Kí ló dé tí wọ́n fi kọ́ méjèèjì lọ́nà tó yàtọ̀ síra báyìí?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú oríire. Kò sí ẹni tó jàre tán nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ó bá kù sí mi lọ́wọ́, atẹ́gùn tó yọ ìyá ìyàwó lẹ́nu yẹn ni màá dá láre, nítorí tirẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe kọ́ ilé náà.

Abà ìpakà ni. Ẹni tó bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní kékeré ti gbọ́ nípa ilẹ̀ ìpakà, àtẹ àti ìyàngbò. Àmọ́ ìta gbangba, lórí òkè, ni ilẹ̀ ìpakà inú Bíbélì máa ń wà, torí pé ní ilẹ̀ àwọn Júù òjò kì í rọ̀ nígbà ìkórè. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Swindon mọ bí oṣù kẹjọ ṣe ń rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àgbẹ̀ tó bá tẹ́ àlìkámà rẹ̀ sí ìta níbẹ̀, èéhù ni yóò kó wọlé. Nítorí náà wọ́n mọ ògiri yí ilẹ̀ ìpakà ká, wọ́n da òrùlé bò ó, wọ́n wá ṣẹ́ ọ̀nà sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Bí ẹ bá ti di èyí mú, ohun yòókù tí ẹ rí kò ní ṣòroó yé yín.

Ẹ jẹ́ ká ti ẹnu ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kan ní láti ga tó kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n di ìtí ọkà sí gègèrè, tí ẹṣin tàbí màlúù ń fà. Kẹ̀kẹ́ á wọlé, á dúró láàárín, àwọn lébìrà á máa fi àmúga gígùn ju ìtí ọkà sí apá ọ̀tún tàbí apá òsì, títí yóò fi kan igi òrùlé. Bí ó bá ṣófo tán, á gba ilẹ̀kùn ọ̀kánkán jáde, nítorí ta ni yóò máa fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ṣe rìfáàsì nínú ilé? Nínú ọ̀pọ̀ abà, ẹ ó rí i pé ilẹ̀kùn ìjáde kéré sí ti ìwọlé. Kẹ̀kẹ́ tó ti ju ẹrù sílẹ̀ kò ga mọ́.

Wọn kì í pa ọkà tí wọ́n kó wọlé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pa á ní gbogbo ìgbà òtútù, nígbà tí iṣẹ́ oko bá ti dín kù. Igi méjì tí wọ́n fi awọ so lórí pọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é: ọwọ́ á di èyí tó gùn mú, èyí tó kúrú tó sì le á máa na ọkà. Ọkùnrin méjì á kọjú síra, ọ̀kan á gbé e sókè bí èkejì ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, gẹ́lẹ́ bí ìgbà tí obìnrin méjì bá ń gún iyán nínú odó kan. Igi yẹn ní láti rí àyè fò lókè orí, ìyẹn náà wà lára ohun tó mú kí òrùlé ga. Pátákó igi líle tí òyìnbó ń pè ní oak, igi óókù, ni ilẹ̀ tó dára jù fún iṣẹ́ yìí, torí ó ń ta díẹ̀, kì í fọ́ hóró. Àwọn tí agbára wọn kò ká a lo òkúta pẹlẹbẹ tàbí amọ̀ tí wọ́n lù mọ́lẹ̀ dáadáa.

Lẹ́yìn lílù, hóró, ìyàngbò àti eruku ti dà pọ̀. Atẹ́gùn dé nìyẹn. Wọn á ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì gbayawu, wọn á máa fi ṣọ́bìrì tàbí àtẹ da ọkà sókè. Hóró á wúwo bọ́ sílẹ̀, ìyàngbò á bá atẹ́gùn lọ. Ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń fẹ́ ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé: wọn kì í kàn dúró síbikíbi, wọn á kọ́kọ́ wo ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, wọn á kọ ẹ̀yìn sí i. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè máa wá atẹ́gùn kiri nínú òjò, ó la ọ̀nà fún un gba àárín ilé rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá le jù, tó fẹ́ gbé hóró pàápàá lọ, wọn á pa apá kan ilẹ̀kùn dé. Ilé yẹn fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rọ ìfẹ́kà; ilẹ̀kùn ni wọ́n fi ń tàn án, òun náà ni wọ́n fi ń pa á.

Nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn ńlá, ẹ wo òkúta ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bóyá ẹ ó rí ojú ibi tí wọ́n gbẹ́ gbọọrọ. Pátákó ni wọ́n ń ki bọ̀ ọ́, kí hóró má ta jáde, kí ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ inú àgbàlá má sì wọlé. Àwọn afinimọ̀nà fẹ́ràn láti sọ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òyìnbó náà, threshold, ti ṣẹ̀, pé pátákó yẹn ló ń di ọkà mú. Ó dùn létí, àmọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, nígbà tí kò tíì sí "hold" kankan nídìí rẹ̀.

Ó wá kan ọkọ yín. N kò bá bàbá wí, nítorí ihò ọfà inú ilé olódi náà máa ń tóóró níta, á sì fẹ̀ nínú, bíi ti abà gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí tafàtafà yóò dúró sí. Ihò wọ̀nyẹn sábà máa ń tò ní ipele-ipele, títí dé òkè níbi tí kò sí ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀, lẹ́yìn òkìtì ìtí ọkà tí ènìyàn kò lè là kọjá. Kí ọkà lè mí ni wọ́n ṣe dá wọn. Ohun tí a bá kó jọ pẹ̀lú ọ̀rinrin máa ń gbóná láti inú wá. Bí kò bá hu, ó lè gbiná. Ihò náà tóóró níta kí òjò má ráyè wọlé, ó fẹ̀ nínú kí afẹ́fẹ́ àti ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ lè tàn ká.

Ẹ tún lè rí àwọn ihò kéékèèké onígun mẹ́rin tí wọ́n tò lọ ní ìlà. Àwọn yẹn kò ní iṣẹ́ kankan mọ́ láti ọjọ́ tí ilé ti parí: ibẹ̀ làwọn bíríkìlà ki igi tí wọ́n ń gùn ṣiṣẹ́ bọ̀, wọn kò sì dí i. Bí ẹ bá rí ihò kan ṣoṣo lókè pátápátá, lábẹ́ góńgó òrùlé, ti òwìwí nìyẹn. Nílé lọ́hùn-ún, bí òwìwí bá ké lórí òrùlé, àdúrà là ń gbà mọ́jú. Àwọn wọ̀nyí la ẹnu ọ̀nà fún un kó lè wọlé wá jẹ eku.

Ẹ̀yin tí ẹ pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì, ojú yín kò tàn yín jẹ tó bí ẹ ṣe rò. Ní abúlé Great Coxwell, lẹ́bàá Faringdon, tí kò jìnnà sí yín rárá, abà olókùúta kan wà tí àwọn mọ́ńkì Beaulieu kọ́ sórí ilẹ̀ tí Ọba John fún wọn. Àwọn tó ka òrùka inú igi rẹ̀ láti mọ ìgbà tí wọ́n gé e sọ pé nǹkan bí ọdún 1292 ni. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 152, ó fẹ̀ ní 44, ó ga ní 48. Kì í ṣe ojoojúmọ́ lèèyàn ń rí igi tó lè dábùú ẹsẹ̀ bàtà 44 kó sì gbé òrùlé òkúta dúró, nítorí náà káfíńtà to òpó igi óókù ní ìlà méjì sínú ilé, ó gbé òpó kọ̀ọ̀kan lé orí ìpìlẹ̀ òkúta tó ga kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má baà jẹ ìdí rẹ̀. Ilé tó bá ti ní òpó ní ìlà méjì, tí àárín fẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tóóró, ojú á pè é ní kàtídírà. Ìṣòro kan náà làwọn tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àtàwọn tó kọ́ abà ń bá jà: òrùlé wúwo, ilẹ̀ fẹ̀. William Morris, akéwì àti oníṣẹ́ ọnà tó gbé ní Kelmscott nítòsí ibẹ̀, a máa mú àlejò rẹ̀ lọ wo abà yìí. Ẹ lọ wò ó lọ́jọ́ Sátidé kan. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí àwọn ilẹ̀kùn ńlá tó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì abà náà da ojú rú mọ́ yín o. Ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá wọn. Ẹnu ọ̀nà àtilẹ̀wá wà ní àárín ẹ̀gbẹ́ gígùn, bíi ti èyí tí ẹ ti ṣe ìgbéyàwó.

Ní Bradford-on-Avon, ní Wiltshire, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Igi títẹ̀ ni wọ́n so ní méjì-méjì láti ara ògiri kí wọ́n pàdé lókè, kò sí òpó kankan lórí ilẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 168 ni abà ọ̀hún gùn, òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bo orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 100. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kì í tẹ ògiri mọ́lẹ̀ nìkan, ó tún ń tì í síta, ìyẹn ni wọ́n ṣe mọ òkúta gìdìgbà ti ògiri lẹ́yìn ní ìta ní àyè àyè.

Ọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá ni gbogbo ẹni tó ń yá abà fún àríyá fẹ́ràn jù, torí ó ń mú owó wọlé. Lóòótọ́, irú àká bẹ́ẹ̀ wà. Ìdámẹ́wàá ìgbà náà kì í ṣe owó inú àpòòwé. Ìtí kan nínú mẹ́wàá ni, láti oko gbogbo àgbẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọ, àlùfáà sì ní láti rí ibi kó o sí. Òfin ọdún 1836 ló sọ ọ́ di owó. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ayé ṣe ń pe Great Coxwell àti Bradford-on-Avon ní ilé ìdámẹ́wàá tó un, irè oko àwọn tó ni ilẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ́ wọn fún ní pàtàkì. Abà tó wà láàárín oko, tí ilé ẹṣin rọ̀ mọ́ ọn, ti àgbẹ̀ lèmi yóò kọ́kọ́ pè é títí ẹni tó ni ín yóò fi mú ìwé jáde.

Kí n tó kúrò lára ògiri, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ohun tí wọ́n fi dí àárín òkúta. Iṣẹ́ mi ni, n kò lè ṣàì sọ ọ́. Ògiri yẹn nípọn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì, ojú méjì ló sì ní, níta àti nínú. Àfọ́kù òkúta ni wọ́n rọ́ sí àárín, wọ́n wá ń fi òkúta gígùn dì wọ́n pọ̀ níbi díẹ̀díẹ̀. Ẹfun sísun tí òyìnbó ń pè ní lime ni wọ́n pò mọ́ yanrìn láti fi mọ ọ́n. Ó rọ̀ ju òkúta lọ, omi tó bá wọ inú ògiri á gba inú rẹ̀ gbẹ jáde. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, àwọn bíríkìlà dé pẹ̀lú sìmẹ́ńtì, wọ́n fi dí i kí ó lè "lágbára". Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí omi jáde. Òkúta fúnra rẹ̀ ni omi wá ń gbà, bí yìnyín bá sì mú un nígbà òtútù, ojú òkúta á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo. Mo ti dúró níwájú ògiri kan tí ìlà sìmẹ́ńtì yọ síta bí egungun, tí òkúta tó yí i ká ti jẹ wọlé tó ìka méjì. Ẹni tó sanwó iṣẹ́ yẹn rò pé òun tún ilé ṣe ni.

Ẹ jẹ́ ká wá sọdá sí ilé ẹṣin. Ó ṣe mí bíi pé ẹ fojú kéré rẹ̀, bẹ́ẹ̀ lójú àgbẹ̀ ibẹ̀ ni owó wà. Bí ẹṣin ìtúlẹ̀ kan bá kú nígbà ìtúlẹ̀, iṣẹ́ dúró. Ohun tí ẹ bi mí nípa ìyàtọ̀ ilé méjèèjì wà nínú gbólóhùn kan: ọkà kì í làágùn. Atẹ́gùn tó ń gba àárín kọjá dára fún ọkà, àmọ́ ẹṣin tó ti làágùn bọ̀ láti oko kò gbọdọ̀ dúró sínú rẹ̀. Nítorí náà, ilẹ̀kùn àti fèrèsé ilé ẹṣin máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, tó kọjú sí àgbàlá, ẹ̀yìn á dí pátápátá. Bí ààyè bá gbà, wọn á jẹ́ kí ó kọjú sí ìlà oòrùn. Ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin ti ní láti dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí ẹṣin gbọ́dọ̀ jẹun, kí oúnjẹ náà sì dà, kí wọ́n tó so ohun ìtúlẹ̀ mọ́ ọn. Ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ọjọ́ wúlò fún un.

Méjì ni wọ́n pín ilẹ̀kùn rẹ̀ sí. Ti òkè á ṣí kí afẹ́fẹ́ wọlé, ti ìsàlẹ̀ á wà ní títì kí ẹṣin má jáde. Ẹ fọwọ́ pa òkúta ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn náà wò, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá a pé wọ́n ti gé igun rẹ̀ kó rí róbótó, kí ohun tí ẹṣin gbé wọ̀ má fi í kọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n tò sílẹ̀, ó dagun díẹ̀ lọ sínú gọ́tà kí ìtọ̀ lè ṣàn jáde. Ihò bí àpótí inú ògiri tí àwọn ènìyàn yín gbé ife ọtí sí, àtùpà àti búrọ́ọ̀ṣì ẹṣin ló ń gbé ibẹ̀ rí.

Àjà tó wálẹ̀ yẹn, ibi tí wọ́n ń tọ́jú koríko gbígbẹ sí ló wà lórí rẹ̀. Ó ń ṣe bí aṣọ òtútù fún àwọn ẹṣin, ihò sì wà nínú àjà, lókè ibùjẹ ẹran, tí wọ́n ń gbà ju koríko sílẹ̀ láìjáde síta. Ilẹ̀kùn tó wà lókè lára ògiri ìta, tí kò ní àtẹ̀gùn, tí ẹnikẹ́ni tó bá jáde níbẹ̀ yóò já lulẹ̀, òun ni wọ́n ń gbà kó koríko wọlé láti orí kẹ̀kẹ́. Aburú tó wà níbẹ̀ ni pé ooru àti òórùn ìtọ̀ kò rí ọ̀nà lọ. Ìgbà tí ó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún làwọn tó mọ̀ nípa ẹṣin ń pariwo pé kí àjà ga sí i, kí atẹ́gùn lè wà.

Ẹ wo ara òpó àti ẹ̀bá ilẹ̀kùn dáadáa nígbà tí ẹ bá padà lọ. Nọ́ńbà bíi ti ojú aago àtijọ́ tí wọ́n fín sára igi, ti káfíńtà ni, kí ó lè mọ èyí tó bá èyí mu nígbà tí ó bá ń to ilé. Òdòdó tó ní ewé mẹ́fà tí wọ́n yà sínú òbírí ni ẹnu máa ń kò lé lórí. Ọ̀pọ̀ gbà pé ààbò ni, kí ibi má wọlé. Ní ọdún 2016, Historic England, àjọ tó ń bójú tó ilé àtijọ́, ké sí ará ìlú pé kí wọ́n máa fi àwòrán irú àmì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. John Aubrey, ọmọ Wiltshire tó kọ̀wé ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ròyìn pé wọ́n ń so òkúta oníhò kọ́ sílé ẹṣin kí àjẹ́ má baà gun ẹṣin lóru, torí pé nígbà mìíràn wọ́n á bá ẹṣin tó làágùn mọ́jú. Ẹ̀rù àjẹ́ kì í ṣe tiwa nìkan. Àmọ́ bí wọ́n bá pe èmi wá wo irú ẹṣin bẹ́ẹ̀, àjà tó wálẹ̀ yẹn ni màá kọ́kọ́ wò.

Ẹ̀rọ onírin ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ abà. Andrew Meikle, ará Scotland, ṣe ẹ̀rọ ìpakà tó ṣiṣẹ́ dáadáa ní 1786. Ní àríwá, wọ́n ń kọ́ ilé róbótó mọ́ ẹ̀yìn abà, ẹṣin á máa yí po nínú rẹ̀ láti fi yí ẹ̀rọ náà. Ní 1830, àwọn lébìrà oko ní Kent bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹ̀rọ wọ̀nyí, ó sì tàn dé ọ̀pọ̀ ẹkùn gúúsù, nítorí ìpakà ni owó oúnjẹ wọn nígbà òtútù. Ìjọba yẹgi fún mọ́kàndínlógún, wọ́n kó àwọn tó sún mọ́ 500 lọ sí Australia. Ẹ̀rọ ló borí. Nígbà tí èyí tó ń gé ọkà tó sì ń pa á lójú oko kan náà wá dé, kò sí ohun tí abà tún fẹ́ pa mọ́, ẹ̀rọ náà kò sì lè gba ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ wọlé. Bí ó ṣe di ibi ìgbéyàwó nìyẹn.

Bí wọ́n bá gbé tábìlì àwọn àgbà sí àárín ilẹ̀kùn méjèèjì, orí ilẹ̀ ìpakà gan-an ni wọ́n gbé e sí. Tí ẹ bá tún ní ìnáwó níbẹ̀, kí wọ́n gbé ìyá ìyàwó lọ sí apá ọ̀tún tàbí apá òsì, níbi tí ìtí ọkà ń gbé. Atẹ́gùn kì í yà síbẹ̀.